Áàsù Ẹ̀yìn Tí A Gbé sí Abẹ́ Jíìpù Àtijọ́ Mi

Nígbà tí iṣu tuntun ń jáde lọ́dún tó kọjá, ṣáàfù ẹ̀yìn jíìpù mi, ọ̀pá irin tí ń yí táyà, dá sí méjì lórí òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tí ó wà lẹ́yìn odò kékeré tí à ń là kọjá kí a tó dé oko bàbá mi, ní ẹ̀yìn Òwu-Ìsin. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Iṣu bí ọgọ́fà ni a kó sẹ́yìn ọkọ̀, àwọn àbúrò mi méjì sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú mi. Táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ń yí lófo lórí àpáta tí omi ti mú yọ̀, mo tẹ iná mọ́ ọn, táyà náà sì ṣàdédé di ilẹ̀ gbígbẹ mú. Lójú ẹsẹ̀ ni mo gbọ́ ìró kan tí ó dún gbàgà, bí ìgbà tí àáké bá la igi gbígbẹ. Ẹ̀ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́, jíà ṣì wà nínú, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò gun òkè náà mọ́. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ láti wo abẹ́ ọkọ̀, mo rí i pé táyà náà ti rọra yọ jáde kúrò ní àyè rẹ̀ ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, tòun ti ìlù bíréèkì rẹ̀, bí eyín ọmọdé tí ó fẹ́ bọ́.

Abúlé tí ó súnmọ́ ibẹ̀ ni a sùn sí. Ọjọ́ kejì ni a rí katakata tí ó fà wá dé ojú títì, ọjọ́ kẹta ni ọkọ̀ tí ń gbé ọkọ̀ gbé e dé Ìlọrin.

Mo tọ́jú ṣáàfù tí ó dá náà, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹ bá gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí i pé àwọn eyín tí ó wà ní ìparí rẹ̀ kò tọ́ mọ́: wọ́n ti lọ́ bí okùn tí ẹni méjì ń lọ́ papọ̀. Ojú ibi tí ó ti dá gan-an ni ó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù. Apá kan níbẹ̀ dúdú, ó sì ti dípẹtà díẹ̀. Apá tí ó kù ń dán, ó rí wóró-wóró bí iyọ̀. Ìtumọ̀ èyí ni pé ó ti pẹ́ tí ṣáàfù náà ti sán, tí epo àti omi ti ń wọ inú ojú ibi tí ó sán, tí mo sì ń fi ìyókù rẹ̀ rù ẹrù láìmọ̀. Òkè yẹn kọ́ ni ó ṣẹ́ ẹ. Ó kàn parí iṣẹ́ tí èmi fúnra mi ti ń ṣe bọ̀ láti ọdún mẹ́ta ni.

Jeep Cherokee ti ọdún 1996 ni ọkọ̀ náà, tòkunbọ̀ ni mo rà á, ẹ̀ńjìnnì oní-sílíńdà mẹ́fà tí ó jẹ́ lítà 4.0 ni ó wà nínú rẹ̀. Láti ọdún 1984 sí ọdún 2001 ni wọ́n fi ṣe irú ara ọkọ̀ yìí ní Amẹ́ríkà. Áàsù (ìyẹn odidi ọ̀pá ìdábùú tí ṣáàfù méjèèjì àti jíà àárín wà nínú rẹ̀) tí wọ́n ń pè ní Dana 35 ni ó wà lẹ́yìn ti èmi. N kò ní purọ́ mọ́ àwọn tí ó ṣe é: táyà oníwọ̀n 225/75R15 ni irú ọkọ̀ yìí sábà máa ń lò, èmi ni mo yọ ọ́ kúrò, tí mo fi táyà tí gíga rẹ̀ jẹ́ ínṣì 31 sí i, tí mo sì ń fi í ru iṣu àti ẹ̀gẹ́ gun àpáta. Bí táyà bá ṣe tóbi tó ni ipá tí ó ń lọ́ ṣáàfù ṣe máa ń pọ̀ tó, nítorí pé ibi tí táyà ti kan ilẹ̀ ti jìnnà sí àárín ṣáàfù ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Mẹkáníìkì mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kúdí, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní apá Gáréèjì Ọ̀fà, ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá. Ó wo abẹ́ ọkọ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní:

"Tíṣà, ẹ kú ewu. Ẹ jẹ́ kí á wá irú ṣáàfù yìí, kí á fi í sí i, kí ẹ máa bá ọ̀nà yín lọ."

Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n oko náà kò ní sún, àpáta náà kò sì ní kúrò níbẹ̀. Bí mo bá fi irú rẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀, ọjọ́ tí òmíràn yóò dá ni a ó tún jọ máa retí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé kì í ṣe ṣáàfù ni a ń wá mọ́, odidi áàsù ni. Bí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ márùn-ún ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ohun tí ó jẹ́ kí táyà yọ jáde lẹ́yìn tí ṣáàfù dá yẹ ní àlàyé, nítorí pé òun ni ó bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Nínú irú áàsù yìí, kò sí bóòtù kankan ní ẹ̀bá táyà tí ó di ṣáàfù mú kí ó má baà jáde. Ìparí rẹ̀ tí ó wà láàárín, nínú ilé jíà, ni irin kékeré kan tí ó rí bí lẹ́tà C há sí, òun nìkan ni ó sì ń dá a dúró. Bí ṣáàfù bá ti dá, irin kékeré náà yóò di apá kúkúrú mú sínú, apá gígùn tí táyà wà lára rẹ̀ yóò sì di òmìnira. Ká ní orí títì Àjàṣẹ́-Ìpo ni ó ti ṣẹlẹ̀, lórí eré 100 kìlómítà ní wákàtí kan, ọ̀rọ̀ mìíràn ni à bá máa sọ.

A yẹ oríṣiríṣi áàsù wò kí a tó mú ọ̀kan. Bàbá Kúdí kọ́kọ́ dá ti Toyota Hilux lábàá, nítorí pé kò sí ibi tí a kì í ti í rí i ní Ìlọrin; àmọ́ bóòtù mẹ́fà ni táyà rẹ̀ ń lò nígbà tí ti Jeep mi ń lo márùn-ún, èmi kò sì fẹ́ ọkọ̀ tí táyà iwájú rẹ̀ kò ní lè wọ ẹ̀yìn. Àwọn Cherokee kan jáde pẹ̀lú áàsù Chrysler tí wọ́n ń pè ní 8.25, èyí tí ṣáàfù rẹ̀ ní eyín 29 láti ọdún 1997. A wá a tì. Èyí tí a wá mú ni áàsù ẹ̀yìn Ford Explorer, tí wọ́n ń pè ní 8.8 nítorí pé ínṣì 8.8 ni ìbú kíráùn, jíà ńlá róbótó tí ó wà nínú rẹ̀. Explorer pọ̀ láàárín àwọn ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí ó wọ orílẹ̀-èdè yìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti di ohun tí a ń tú tà. Bóòtù márùn-ún ni táyà rẹ̀ náà ń lò, ìwọ̀n òbìírí àwọn bóòtù náà sì jẹ́ mìlímítà 114.3 gẹ́gẹ́ bí ti Jeep mi gan-an. Ọdún rẹ̀ nìkan ni ó yẹ kí ènìyàn ṣọ́: ti ọdún 1995 sí 2001 ni ó ní bíréèkì dísìkì lẹ́yìn, tí ṣáàfù rẹ̀ sì ní eyín 31. Láti ọdún 2002, wọ́n ti yí ẹ̀yìn Explorer padà pátápátá, táyà kọ̀ọ̀kan ń dá gbéra, kò sì sí odidi áàsù kan tí ènìyàn lè gbé kúrò lábẹ́ rẹ̀ mọ́.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn ṣáàfù méjèèjì lè dà bí ohun kékeré lójú. Mo fi ìwọ̀n onírin wọ̀n wọ́n: ti àtijọ́ jẹ́ mìlímítà 30 níbi eyín rẹ̀, ti Explorer jẹ́ mìlímítà 33.5. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fojú wò ó yóò ní kí ni mìlímítà mẹ́ta àti ààbọ̀ fẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n bí irin róbótó ṣe ń kojú ohun tí ó fẹ́ lọ́ ọ kì í bá ìbú rẹ̀ rìn ní ẹsẹ̀ kan náà: bí ìbú rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́jọ. Nítorí náà, bí irin méjèèjì bá jẹ́ irú kan náà, mìlímítà mẹ́ta àti ààbọ̀ yẹn ti fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá kún agbára ṣáàfù. Ọ̀pá áàsù náà, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 3.25, nípọn ju ti àtijọ́ lọ débi pé ọmọ iṣẹ́ Bàbá Kúdí tí ó fẹ́ dá gbé e lẹ́ẹ̀kan ní láti sọ ọ́ kalẹ̀ kí ó pe ẹnìkejì.

Ọ̀nà Táíwò ni a ti rí i, láàárín àwọn tí ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ àlòkù. Mẹ́ta ni ẹni tí ń tà á gbé síwájú wa, gbogbo wọn ni ó sì ní ó dára. A ò bá a jiyàn. A wá àwo irin pẹlẹbẹ tí ó máa ń wà lábẹ́ ọ̀kan nínú àwọn bóòtù 10 tí ó de ìdérí ẹ̀yìn áàsù náà, nítorí pé ara rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ ìwọ̀n jíà sí, ìyẹn iye ìgbà tí pùròpẹ́là, ọ̀pá gígùn tí ń gbé agbára ẹ̀ńjìnnì wá sí áàsù, gbọ́dọ̀ yí kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Àkọ́kọ́ kò ní in mọ́. Lára èkejì, nígbà tí mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìdọ̀tí kúrò, mo rí "3L73": ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 3.73, lẹ́tà L tí ó wà láàárín sì ń sọ pé ó ní ohun tí kì í jẹ́ kí táyà kan ṣoṣo máa yí lófo. Lára ẹ̀kẹta ni mo ti rí 3 55.

Inú mi fà sí èkejì. Bí ẹnikẹ́ni bá ti rí táyà kan tí ń yí lófo lórí àpáta, yóò mọ ìdí rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀kẹta ni a rà, nítorí pé ìwọ̀n jíà áàsù iwájú jíìpù mi jẹ́ 3.55, ìwọ̀n iwájú àti ti ẹ̀yìn kò sì gbọdọ̀ yàtọ̀ nínú ọkọ̀ tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà. Ìgbà tí mo bá ti ti iwájú àti ẹ̀yìn pa pọ̀, pùròpẹ́là méjèèjì gbọ́dọ̀ máa yí ní iye kan náà. Bí áàsù kan bá wá fẹ́ kí táyà rẹ̀ yí ju ti èkejì lọ, àwọn méjèèjì yóò máa bá ara wọn jà títí ohun kan nínú wọn yóò fi ṣẹ́. A kò gba àwo irin náà gbọ́ lásán, ẹnikẹ́ni lè ti pààrọ̀ jíà inú rẹ̀ lókè òkun lọ́hùn-ún. A ṣí ìdérí rẹ̀ níwájú ẹni tí ń tà á, a fi ẹfun sàmì sí eyín kan, a sì ka eyín kíráùn àti ti píníọ̀nù, jíà kékeré tí ń yí kíráùn: 39 àti 11. Bí ẹ bá fi 11 pín 39, ẹ ó rí 3.55.

Ibẹ̀ náà ni a ti fa ṣáàfù méjèèjì jáde láti yẹ̀ wọ́n wò. Áàsù yìí náà ń lo irin oní-lẹ́tà C, ó sì yẹ kí n sọ èyí gbangba fún ẹni tí ó bá rò pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ó fi dára díẹ̀ sí i ni pé bí ṣáàfù bá dá, dísìkì bíréèkì tí ó há sáàárín kálípà (ohun tí ń fún dísìkì mọ́ra bí a bá tẹ bíréèkì) kì í jẹ́ kí táyà tètè sá lọ. Bóòtù tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ó ti irin ìdábùú inú rẹ̀ pa, èyí tí ènìyàn gbọ́dọ̀ tú kí irin C náà tó lè jábọ́. Bóòtù yẹn máa ń dá bí a bá fi agbára tú u. Bàbá Kúdí rọ epo sí i, ó ń fi sípánà mì ín síwá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú, kò sì jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fọwọ́ kàn án. Lára ṣáàfù gan-an ni béárìn ti ń yí, kò ní òrùka tirẹ̀ tí ó ń yí lé lórí. Nítorí náà, ìka ni a fi ń wò ó. Ó fi èékánná rẹ̀ rìn yí ibi tí béárìn ń jókòó sí ká. Lára ṣáàfù kan, èékánná náà kọ́ ihò kékeré kan bí orí abẹ́rẹ́. Ó ní kí ẹni tí ń tà á mú ṣáàfù mìíràn wá láti ara èyí tí kò ní àwo irin, ó sì mú un wá.

Iṣẹ́ bíréèkì kò gbà wá ní ọjọ́ pípẹ́. A lo kálípà àti dísìkì tí ó bá áàsù náà wá, a pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀, a rọ ọ̀pá omi bíréèkì tuntun kí ó bá gígùn rẹ̀ mu, a sì so okùn bíréèkì ọwọ́ mọ́ ti Jeep, a wá fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde.

Jíjó irin, ìyẹn fífi iná wẹ́dà so irin pọ̀, ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ irú èyí ti ń bàjẹ́. Ọ̀pá áàsù 8.8 jẹ́ irin tí a lè jó bí a ṣe ń jó gbogbo irin, ṣùgbọ́n ilé jíà tí ó wà láàárín jẹ́ irin dídà, irú èyí tí a fi ń ṣe ìkòkò onírin. Ilé-iṣẹ́ ti ọ̀pá náà bọ inú irin dídà yìí, wọ́n sì fi ojú jíjó díẹ̀ dì í mú. Iyẹn tó fún ìrìn títì. Lábẹ́ ẹrù lórí àpáta, ọ̀pá náà lè yí nínú ilé rẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe ní láti jó o yí ká. Irin dídà kì í gba ooru òjijì: bí a bá gbé iná wẹ́dà lé e tútù, tí a sì fi í sílẹ̀ kí ó tutù fúnra rẹ̀, yóò sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú jíjó náà, nígbà mìíràn lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti lọ sílé. Wẹ́dà àkọ́kọ́ tí a pè fẹ́ fi ẹ́lẹ́kíróòdù, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń yọ́ bí a bá ń jó irin, irú èyí tí ó fi ń jó ilẹ̀kùn gééètì, jó o. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a fún un ní owó ọkọ̀, ó lọ.

Wẹ́dà kejì, àgbàlagbà ará Òmù-Àrán kan tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń pè ní Bàbá Oníná, kò tilẹ̀ béèrè ohun tí a fẹ́ kí ó tó béèrè bóyá a ní eérú. Eérú igi ni, ó fẹ́ tó kún àgbá kan. Ó ní kí a yọ ṣáàfù, béárìn àti gbogbo rọ́bà kúrò. Ó fi iná gáàsì yan ilé jíà náà díẹ̀díẹ̀, ó ń yí i ká, títí ooru rẹ̀ fi tó nǹkan bí 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ́lẹ́kíróòdù onínikẹ́lì ni ó lò, èyí tí ó wọ́n tí a sì wá fún ọjọ́ méjì. Ó jó o ní ìwọ̀n ínṣì kan, ó dúró, ó fi òòlù kékeré lu ojú jíjó náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nígbà tí ó ṣì pọ́n, ó wá bọ́ sí ìhà kejì kí ooru má baà kó jọ sójú kan kí ó sì tẹ ọ̀pá náà. Ó ti jó tó ìdajì nígbà tí iná mànàmáná lọ. Ojú gbogbo wa yí padà, nítorí pé bí irin náà bá tutù báyìí, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Bàbá Oníná kò sọ̀rọ̀ kankan. Ó gbé iná gáàsì padà, ó ń yan án lọ bí ẹni tí ń yan àgbàdo, títí tí wọ́n fi tan jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù kejì tí wọ́n sì fa wáyà dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí ó parí, ó wọ́ áàsù náà sínú eérú gbígbóná, ó bò ó mọ́lẹ̀, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe hú u títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Nígbà tí a hú u, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo fi ojú gíláàsì tí ń sọ nǹkan di ńlá wo gbogbo ojú jíjó náà, n kò rí ibi tí ó sán.

Ìjókòó sípíríǹgì ni ó kù. Lára Explorer, sípíríǹgì ń gba abẹ́ ọ̀pá áàsù kọjá. Lára Cherokee, orí rẹ̀ ni ó ń jókòó sí. A gé ìjókòó àtijọ́ kúrò, a sì jó tuntun mọ́ ọn lókè. Kí a tó jó o ni a gbọ́dọ̀ ti mọ bí imú áàsù, ibi tí pùròpẹ́là ti so mọ́ ọn, yóò ṣe kọjú sókè tó, ibẹ̀ sì ni èmi àti Bàbá Kúdí ti jọ ṣe àṣìṣe.

Pùròpẹ́là ní kùrọ́ọ̀sì (oríkèé tí ń jẹ́ kí ó lè tẹ̀ bí ó ti ń yí) méjì, ọ̀kan ní ẹ̀bá jíà, èkejì ní imú áàsù. Bí kùrọ́ọ̀sì bá ń ṣiṣẹ́ ní títẹ̀, kì í gbé ìyípo kọjá bí ó ṣe gbà á. Nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan, ó máa ń yára díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì máa ń falẹ̀ díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí ó ń gbà wá sílẹ̀ ni kùrọ́ọ̀sì kejì, tí ó máa ń falẹ̀ nígbà tí èkínní bá yára, bí ẹni méjì tí ń gún iyán nínú odó kan ṣoṣo: bí ọmọ odó ẹnìkan ṣe ń lọ sókè ni ti ẹnìkejì ń bọ̀ nílẹ̀. Kí èyí tó lè rí bẹ́ẹ̀, títẹ̀ tí ó wà níwájú gbọ́dọ̀ bá ti ẹ̀yìn dọ́gba. A wọ̀n ẹnu jíà tí pùròpẹ́là ti jáde, a rí i pé ó dojú kọlẹ̀ ní ìwọ̀n dígírì márùn-ún, a sì jẹ́ kí imú áàsù kọjú sókè ní dígírì márùn-ún. Ó péye. Àmọ́ orí jáàkì ni ọkọ̀ wà nígbà tí a wọ̀n ọ́n, táyà kò kan ilẹ̀, sípíríǹgì rọ̀ sísàlẹ̀.

Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ léètì ti ṣe àwo irin kan tí ó so ẹnu róbótó ti Explorer mọ́ kùrọ́ọ̀sì Jeep, ó sì gé pùròpẹ́là náà kúrú díẹ̀. A dé gbogbo rẹ̀, a rọ gíáòìlì sí i títí ó fi dé etí ihò rẹ̀, mo sì gba ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo lọ láti dán an wò. Nínú ìlú, ó ń lọ bí omi. Mo kọjá Gánmọ̀, kò sí nǹkan kan. Nígbà tí mo ń súnmọ́ Ìdọ̀fìan, níbi tí ibùdó ìjọba àpapọ̀ fún ìmúgbòòrò ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ wà, eré mi ti dé 80, ilẹ̀ ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo dín eré kù sí 60, ó dákẹ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́ dé 80, ó tún bẹ̀rẹ̀. Bí eré ṣe ń pọ̀ ni gbígbọ̀n náà ń di ìró kan tí ń kùn lábẹ́ àga ẹ̀yìn. Mo yí padà, mo rọra wá sílé.

Nígbà tí a gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, tí ó fi gbogbo ara rẹ̀ jókòó lé táyà, tí a sì tún wọ̀n ọ́n, imú áàsù ti gbé sókè dé dígírì mẹ́jọ. Bí ẹrù ọkọ̀ ṣe tẹ sípíríǹgì ni ó ti yí áàsù náà. Bàbá Kúdí jókòó sílẹ̀ nínú yẹ̀pẹ̀, ó mi orí.

Ó ní, "Tíṣà, ẹ má bínú. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì gbàgbé rẹ̀."

Mo ní, "Bàbá, àwa méjèèjì la jọ wọ̀n ọ́n."

Kò pọn dandan kí a gé ìjókòó sípíríǹgì náà kúrò, inú mi sì dùn sí i, nítorí pé bí a bá ń jó ọ̀pá áàsù léraléra, yóò tẹ̀. Ohun tí a ṣe ni pé ẹni tí ń ṣiṣẹ́ léètì gé àwo irin méjì tí ẹnu kan nípọn ju ìkejì lọ, tí títẹ̀ wọn jẹ́ dígírì mẹ́ta gẹ́lẹ́, a sì ti wọ́n bọ àárín sípíríǹgì àti ìjókòó rẹ̀, ẹnu tí ó nípọn síwájú, kí imú áàsù lè sọ̀kalẹ̀. Bóòtù tí ó la àárín sípíríǹgì já ní láti gùn díẹ̀ sí i, nítorí pé orí rẹ̀ ni ó ń wọ ihò ìjókòó tí kì í jẹ́ kí áàsù yọ́ síwájú tàbí sẹ́yìn; a pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a na okùn láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn ní ọ̀tún àti ní òsì. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì kò tó mìlímítà méjì.

Mo tún gba ọ̀nà kan náà. Mo dé Ìdọ̀fìan lórí eré 80, mo dé Àjàṣẹ́-Ìpo lórí 100, kò gbọ̀n. Mo dúró ní Àjàṣẹ́ láti fọwọ́ kan ilé jíà náà: ó gbóná, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi gbà á. Mo pe Bàbá Kúdí láti ibẹ̀, ó sì ní kí n má tíì yọ̀, kí n kọ́kọ́ lọ sí oko.

Ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀lé e ni mo lọ. Ẹ̀gẹ́ ni a kó lọ́tẹ̀ yìí, nítorí pé àkókò iṣu ti ń kọjá, n kò sì kó o pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀. Ṣáàfù tí ó lágbára kò ní kí ara ọkọ̀ àti sípíríǹgì rẹ̀ má mọ̀ pé ẹrù wúwo. A la odò náà kọjá. Lórí òkè tí ó ti dá lọ́jọ́sí, mo dúró, mo ti iwájú àti ẹ̀yìn pa pọ̀, mo lo jíà kékeré, mo sì jẹ́ kí ọkọ̀ fà ara rẹ̀ lọ láìtẹ iná púpọ̀. Táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún tún yọ̀ lórí àpáta kan náà. Lọ́tẹ̀ yìí mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná kí ó tó di ilẹ̀ mú, nítorí pé yíyí lófo tí ó ṣàdédé di ìdìmú ni ó ń pa ṣáàfù, ìbáà nípọn bí igi ìrókò. Ó di ilẹ̀ mú wọ́ọ́rọ́wọ́, a sì gun òkè náà dé òkè.

Lẹ́yìn 800 kìlómítà, mo gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù kí a ṣí ìdérí rẹ̀. Epo náà ṣì mọ́. Bàbá Kúdí fi aṣọ funfun nu ìsàlẹ̀ ilé jíà náà, ó sì nà án sí oòrùn kí gbogbo wa lè rí i: lẹ́búlẹ́bú eérú-eérú díẹ̀ ni ó wà lára rẹ̀, irú èyí tí jíà tí ń bá ara rẹ̀ mọ́ra máa ń ha sílẹ̀. Kò sí èérún irin kankan nínú rẹ̀. Ó ká aṣọ náà, ó fi í sínú àpótí sípánà rẹ̀, ó sì ní kí ọmọ iṣẹ́ lọ mú gíáòìlì tuntun wá.